Ọ̀wọ̀ kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n ó ní Igogo: Bí oníṣòwò kékeré ṣe lè jèrè ọjọ́ mẹ́tàdínlógún àjọ̀dún

Lọ́dọọdún, bí oṣù karùn-ún bá ti wọlé, ẹsẹ̀ kì í gbèrò mọ́ nílùú Hamburg lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ìlú èbúté ni, ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 1189 ni wọ́n sì kà sí ọjọ́ ìbí èbúté náà. Láti ọdún 1977 ni wọ́n ti sọ òpin ọ̀sẹ̀ tó bá súnmọ́ ọjọ́ yìí di àjọ̀dún ńlá. Àwọn ọkọ̀ onígbòkun á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ wọnú èbúté, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó máa ń fa ọkọ̀ ńlá á sì máa jó lórí omi bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ìlù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló ń wá wòran. Gbogbo wọn ló máa jẹun, gbogbo wọn ló máa mu, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa sùn síbẹ̀. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹja sínú rẹ̀ létí omi mọ̀ dáadáa pé ọjọ́ ọlà àwọn nìyẹn.

Ìlú Kiel, tóun náà wà létí òkun lórílẹ̀-èdè kan náà, bẹ̀rẹ̀ eré ìdíje ọkọ̀ onígbòkun tiẹ̀ lọ́dún 1882 pẹ̀lú ogún (20) ọkọ̀ péré. Lónìí, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń ṣe é lópin oṣù kẹfà, ó sì ti di ọ̀kan lára àwọn àjọ̀dún ọkọ̀ onígbòkun tó tóbi jù lọ lágbàáyé.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló mọ irú nǹkan yìí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa gbàlejò FESTAC lọ́dún 1977, láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní sí ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe àjọ̀dún ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà n'Íkòyí, l'Ékòó. Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kó ọkọ̀ tiwọn wá. Àárín ọjọ́ àjọ̀dún yẹn náà ni Ìpínlẹ̀ Òǹdó pé ọmọ ọdún kan, nítorí ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ẹni tó ń ka ìròyìn yìí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ̀wọ̀ tàbí n'Ífọ́n lè béèrè pé kí ló kan òun. Òkun Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ló wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. L'Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ilẹ̀ gbígbẹ là ń tẹ̀, oko iṣu àti oko kòkó ló yí wa ká. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi kọ́ ló ń mú owó wá fáwọn ìlú tá a dárúkọ yìí. Ohun tó ń mú owó wá ni pé gbogbo ayé mọ ìgbà tí àjọ̀dún wọn bọ́ sí, àwọn oníṣòwò wọn sì ti ń múra dè é kó tó dé. Ọ̀wọ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Igogo ni.

Ìlù kò dún, agogo ló ń dún

Oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún Igogo, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún (17) gbáko sì ni. Orúkọ Ọrọnsẹn, ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, ni wọ́n fi ń ṣe é láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìtàn sọ pé obìnrin náà kì í ṣe èèyàn lásán, ó sì ní àwọn èèwọ̀ tiẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú ẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da ẹrù igi sílẹ̀ lójú ẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá. Àwọn orogún rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọba kò sí nílé, obìnrin náà sì fìbínú kúrò nílé. Igbó Ùgbò Láàjà ni wọ́n lé e bá, gèlè rẹ̀ ló sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Lọ́dún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo walẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọdún 1400 sí 1500.

Nínú ìtàn yìí ni àwọn òfin Igogo ti wá. Lákòókò ọdún náà, ìlù kì í dún l'Ọ̀wọ̀, agogo ni wọ́n ń lù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti mú orúkọ ọdún náà. Ìbọn kì í dún. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á dirun bí obìnrin, á wọ aṣọ obìnrin, iyùn á kún ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀, á sì jó káàkiri ìlú. Àwọn ará Ìlọ́rò ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ́de tí wọ́n ń pè ní Upeli. Àsìkò náà ni iṣu tuntun ń jáde.

Àwọn òpìtàn ti sọ èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni ohun tó túmọ̀ sí lọ́jà. Òfin Igogo, òfin ọjà ni. Oníṣòwò tó kó fìlà àti gèlè ọgọ́rùn-ún náírà lọ́nà ẹgbẹ̀rún wá sí Ọ̀wọ̀ nítorí pé ó gbọ́ pé ìlú ń ṣọdún, á kó gbogbo rẹ̀ padà sílé. Ní ìlú mìíràn, ọjà tó yá jù lọ́jọ́ ọdún nìyẹn. L'Ọ̀wọ̀, òkú ọjà ni fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Onílù tó bá jókòó sílé l'Ọ̀wọ̀ lásìkò náà, ebi ló ń dúró dè. Èyí tó gbọ́n á ti gba iṣẹ́ òde àríyá l'Ákùúrẹ́ tàbí lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ kí oṣù kẹjọ tó parí.

Àmọ́ bí ilẹ̀kùn kan bá tì, òmíràn á ṣí. Orí tí kò dé fìlà tí kò sì wé gèlè, orí tí gbogbo ayé ń wò ni. Àwọn onídìrí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti iyùn, ẹni tó ń fi irin rọ agogo, ẹni tó ń ya fọ́tò, ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń gún iyán, ẹni tó ní yàrá tí àlejò lè sùn, gbogbo wọn ni ọdún yìí kàn. Bí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bá jẹ mọ́ ariwo tàbí ohun ìlù, irú bí ẹ̀rọ orin ńlá, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni mọ̀nà ṣìnà, ó sì dín owó ju kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù yín lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta Íkòyí, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún Ọ̀wọ̀

Ibi tí Ọ̀wọ̀ ti ju àwọn ìlú eléré ọkọ̀ lọ nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò tíì kíyè sí. Eré ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oníṣòwò ń ta ayò. Ó gbọ́dọ̀ ra gbogbo ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá èèyàn máa wá, bóyá òjò máa rọ̀, bóyá ohun tó gbé wá ni wọ́n fẹ́. Kó tó mọ ìdáhùn, òṣèré ti lọlé.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ wo ohun tó ń tà, kí ẹ sì tún ra òmíràn wá kó tó parí. Àkúrẹ́ kò jìnnà. Bìní náà kò jìnnà, ọ̀nà Ìfọ́n ló gbà lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o, iye owó lè yí padà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ kò ní yí.

Ká ní Ìyá Àkọ́kọ́ yá ₦200,000 lọ́wọ́ àwọn olówó èlé, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, fún oṣù méjì. Ó fi ra ogójì (40) ìdì aṣọ ní ₦5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún fi parí, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n (25) ló tà ní ₦7,000. Owó tó wọlé jẹ́ ₦175,000. Gbèsè tó fẹ́ san jẹ́ ₦220,000. Ó ku ₦45,000 tó gbọ́dọ̀ wá kiri, ìdì aṣọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì wà nílẹ̀ tí yóò máa tà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Ìyá Kejì kò yáwó. ₦80,000 tó kó nínú àjọ ló fi ra ìdì mẹ́rìndínlógún (16). Ó tà wọ́n tán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ₦112,000 wọlé. Ó fi ₦50,000 nínú rẹ̀ ra ìdì mẹ́wàá sí i, ó ta mẹ́sàn-án, ₦63,000. Lópin ọdún, ₦125,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdì kan péré ló kù.  Bí a kò bá tíì yọ owó mọ́tò ìrìn kejì, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦45,000.

Ẹ wò ó dáadáa: ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n làwọn méjèèjì tà. Iye kan náà, oníbàárà kan náà. Ọ̀kan ń wá ₦45,000 kiri, èkejì fi ₦45,000 sápò. Kì í ṣe pé Ìyá Kejì mọ̀ ọ́n tà ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Ó jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ṣiṣẹ́ fún òun ni.

Lóòótọ́, bí èèyàn rẹpẹtẹ bá wá, Ìyá Kejì lè rí i pé ọjà òun kò tó. Kí ọjà tán lọ́wọ́ ẹni kó tó di ọ̀la dun èèyàn, ṣùgbọ́n kò tíì pa oníṣòwò kan rí. Gbèsè ló ń pa á.

Ohun tójú mi rí

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan da ₦30,000 pọ̀, a fi ra omi inú ọ̀rá, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti yìnyín, a gbé e lọ síbi àjọ̀dún ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ní ètò máa bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọba jáde. Yìnyín wa ti di omi gbígbóná kó tó di aago kan. Àwọn ọmọkùnrin kan wá gba owó ibi tá a dúró sí, wọ́n fún wa ní ìwé pélébé. Kò tó wákàtí méjì, àwọn mìíràn dé, wọ́n ní ayédèrú ni ìwé ọwọ́ wa, a tún san. Nígbà tí èrò wá pọ̀ tán, omi wa ti gbóná, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní fíríìjì nínú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. ₦21,000 la gbé délé. Ọ̀rẹ́ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àṣìṣe mẹ́ta la ṣe lọ́jọ́ yẹn. Àkọ́kọ́, a gba aago tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpè gbọ́, a kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti bá wọn ṣe é lọ́dún tó kọjá. Ìkejì, a kò mọ ẹni tó ní àṣẹ láti gbowó ilẹ̀. Ìkẹta, gbogbo owó wa la fi ra ọjà tí kò lè di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ tajà nígbà Igogo, kó fi ojú inú wo àwọn mẹ́ta yìí kó tó fọwọ́ kan owó rẹ̀.

Ìpín àwọn ará Ọ̀sẹ́

Àwọn kan n'Ífọ́n, Ìdóàní àti àwọn ìlú mìíràn ní Ọ̀sẹ́ lè máa rò pé ọdún àwọn ará Ọ̀wọ̀ ni, kò kan àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọ̀wọ̀ ni Ọ̀sẹ́ wà, ojú ọ̀nà tó ti Bìní wá sí Ọ̀wọ̀ ni Ìfọ́n sì jókòó sí. Ẹni tó bá ń gún iyán fún àlejò l'Ọ̀wọ̀, iṣu ló fẹ́. Ata, epo pupa, gáàrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, láti oko ni wọ́n ti ń wá.

Àṣìṣe tí àgbẹ̀ máa ń ṣe ni pé á kó iṣu kún mọ́tò lọ́jọ́ tí gbogbo àgbẹ̀ yòókù náà kó tiwọn, á wá bá iye owó tó ti wálẹ̀ pàdé lọ́jà. Ọgbọ́n tó dára jù ni pé kó ti bá olóúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta l'Ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ láti oṣù keje: iye iṣu tí wọ́n fẹ́ lọ́sẹ̀, iye tí wọ́n máa san, ọjọ́ tí òun máa gbé e wá. Olóúnjẹ fọkàn balẹ̀ pé iṣu wà, àgbẹ̀ fọkàn balẹ̀ pé owó wà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi àsansílẹ̀ díẹ̀ dì í mú. Onímọ́tò náà lè bá wọn wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò dúró lójú agbo rárá lè jèrè àjọ̀dún ju ẹni tó dúró sójú agbo lọ.

Ààbò pẹ̀lú lọ́wọ́ nínú ọjà

A kò lè sọ̀rọ̀ àlejò l'Ọ̀wọ̀ ká má dárúkọ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ìjọ Kátólíìkì St. Francis, tí nǹkan bí ogójì (40) èèyàn sì kú. Ìlú tó ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ọjà àkọ́kọ́ tí àlejò ń rà. Bí kò bá rí i rà, kò ní ra iyán, kò ní ra iyùn. Nítorí náà, kí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà má fi ọ̀rọ̀ ààbò sílẹ̀ fún ìjọba nìkan. Kí wọ́n mọ ẹni tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí nọ́ńbà fóònù àwọn agbófinró wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, kí wọ́n má sì fi àtẹ dí ojú ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sá jáde.

Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní iṣẹ́ tiwọn. Bí Hamburg ṣe ń rí mílíọ̀nù kan èèyàn kò ṣẹ̀yìn pé ẹni tó fẹ́ wá mọ ọjọ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọjọ́ ìjáde Ọlọ́wọ̀ bá ti di mímọ̀, ó yẹ kí ó dé etí àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ tó wà l'Ékòó, l'Ábújá àti ní Lọ́ńdọ̀nù lásìkò tí wọ́n ṣì lè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Owó ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi dù wá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í ṣe ohun afẹ́. Àlejò tí kò rí ibi tó máa tọ̀ kì í pẹ́ lọ́jà.

Lẹ́yìn tí agogo bá dákẹ́

Èrè tó pọ̀ jù nínú àjọ̀dún kì í ṣe èyí tó wọlé lọ́jọ́ náà. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Àlejò tó jẹ iyán yín, tó sì gbádùn rẹ̀, ó ní ìdí mìíràn láti padà wá: ààfin Ọlọ́wọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbàlá rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Ọ̀wọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1968 wà níbẹ̀, aṣọ tí àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ ń hun wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń hun aṣọ, kó má jẹ́ kí oníbàárà lọ láìgba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ orúkọ, nọ́ńbà àti ohun tí wọ́n rà sí. Kó fi nọ́ńbà àkáǹtì báńkì rẹ̀ sára pátákó, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò kì í gbé owó rìn mọ́. Lóṣù kejìlá, tí ìnáwó bá pọ̀, ìwé kékeré yẹn á di ọjà fún un.

Kó sì tó ná kọ́bọ̀ nínú èrè, kó yọ owó ọjà sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi èrè ọdún ṣọdún, tí wọ́n á wá tún lọ yáwó fún ọdún tó ń bọ̀. Àjẹìwẹ̀yìn ló ń mú àgbà ru igbá rẹ̀ délé.

Ogún ọkọ̀ péré ni Kiel fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1882. Wọ́n dúró ti ọjọ́ wọn, àwọn oníṣòwò wọn sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a rìn. Igogo ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó ronú kan ti Kiel rárá. Ọdún ti wà nílẹ̀ fún wa, àwọn baba ńlá wa ti bá wa dá ọjọ́ rẹ̀. Ìmúra ló kù. Ẹ̀yin oníṣòwò wa l'Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ẹ mú kàlẹ́ńdà yín, ẹ wá oṣù kẹsàn-án, kí ẹ sì ka oṣù mẹ́ta padà sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ẹ bá bá ara yín níbẹ̀ ni Igogo tiyín bẹ̀rẹ̀.